Abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ tí kò fẹ́ mọ́

Ní àkókò òjò, àwọn ọkọ̀ èrò máa ń gbéra ní Kétu kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n á sì forí lé Àjàṣẹ́. Èrò á kún inú ọkọ̀. Wọ́n á ti gbogbo fèrèsé pa, kí omi má baà bá ẹrù ọjà jẹ́. Kò ní pẹ́ tí dígí iwájú yóò fi ṣú. Awakọ̀ á fi àkísà nù ún, á tún ṣú. Á yí bọ́tìnnì atẹ́gùn, kò ní sí ohun tí yóò fẹ́. Ọwọ́ kan ni yóò wá fi máa darí ọkọ̀, ọwọ́ kejì wà lára dígí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń bọ̀ níwájú.

Ohun tó dákẹ́ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó wà lábẹ́ pátákó iwájú, lókè ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń já ní èbúté Kútọnu ni wọ́n ti lò rí ní Yúróòpù. Níbẹ̀, nígbà òtútù, abẹ̀bẹ̀ yìí ló ń fẹ́ ooru sí ara ènìyàn. Omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì ń gba inú rédíétọ̀ kékeré kan kọjá, abẹ̀bẹ̀ sì ń fẹ́ atẹ́gùn là á kọjá. Nítorí náà, àwọn kan rò pé kò wúlò ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú. Èrò náà kò tọ̀nà. Abẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo yìí náà ló ń fẹ́ òtútù tí àwọn awakọ̀ ń pè ní ‘clim’, òun náà ló sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí dígí iwájú.

Ohun tó ń bo dígí nínú kì í ṣe omi òjò. Èémí àwọn èrò àti aṣọ tútù wọn ni. Òjò ń mú dígí tutù, ọ̀rinrin inú ọkọ̀ sì ń di omi lára rẹ̀. Atẹ́gùn gbígbóná tàbí atẹ́gùn gbígbẹ ló ń lé e lọ.

Bí abẹ̀bẹ̀ bá dákẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń gbọ́ ni pé ẹ̀rọ tó ń yí i ti kú, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà wọ́n, ó sì yẹ kí ó jẹ́ òun ni wọn yóò fura sí kẹ́yìn.

Etí ni kí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Kí awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, kí ó gbé bọ́tìnnì láti orí 1 dé orí 4, kí ó sì tẹ́tí. Bí abẹ̀bẹ̀ bá dákẹ́ ní 1, 2 àti 3, ṣùgbọ́n tí ó fẹ́ gidigidi ní 4, ẹ̀rọ rẹ̀ kò kú rárá. Ohun kékeré tó ń dín agbára iná kù ló jóná. Àwọn oníṣẹ́ iná ọkọ̀ ń pè é ní ‘résistance’. Ní orí 4, iná kì í gba ibẹ̀ kọjá, ìdí nìyẹn tí abẹ̀bẹ̀ fi ń yí.

Bí ìró abẹ̀bẹ̀ bá ń dún, ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn kò jáde dáadáa, kí wọ́n yọ asẹ́ eruku wò, ìyẹn ‘filtre’. Ọyẹ́ àti eruku pupa ojú ọ̀nà lè dí i pátápátá.

Bí ohun gbogbo bá dákẹ́, ‘fusible’ ni ó kàn. Àpótí rẹ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ pátákó iwájú tàbí nítòsí bátìrì. Kí wọ́n pa ọkọ̀ kí wọ́n tó fà á yọ. Irin tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀. Bí irin náà bá ti já, ‘fusible’ ti jóná. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀, bí 20 tàbí 30. Èyí tó ní nọ́ńbà kan náà ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Níhìn-ín ni àṣìṣe tó léwu jù lọ wà. Ẹlòmíràn á wé wáyà bàbà sí ipò ‘fusible’, inú rẹ̀ á sì dùn pé abẹ̀bẹ̀ ti ń yí. ‘Fusible’ tó já kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó já kí ọkọ̀ má baà jó ni. Wáyà bàbà kì í já bọ̀rọ̀. Iná tó pọ̀ jù á máa kọjá, okùn iná ẹ̀yìn pátákó á gbóná, ike ara rẹ̀ á yọ́, iná á sì ràn níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Bí ‘fusible’ tuntun bá tún jóná, kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀kẹta sí i. Ó lè jẹ́ pé ewé há sínú abẹ̀bẹ̀, tàbí pé abẹ̀bẹ̀ ti le, tàbí pé wáyà kan ti bó, tó ń kan irin ọkọ̀.

Bí ‘fusible’ bá dára, iṣẹ́ kù sọ́wọ́ oníṣẹ́ iná. Yóò yọ okùn iná kúrò lára abẹ̀bẹ̀, yóò gbé bọ́tìnnì sí orí 4, yóò sì so gílóòbù kékeré ti volt 12 mọ́ ẹnu okùn méjèèjì. Bí gílóòbù bá tàn, iná ń dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ abẹ̀bẹ̀ ló kú. Bí kò bá tàn, ẹ̀rọ tuntun kò ní ṣe àǹfààní kankan. Kí ó má ṣe fọwọ́ kan okùn aláwọ̀ òféèfèé: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó jẹ́ ti àpò atẹ́gùn tó ń bú jáde nígbà ìjàǹbá.

Nígbà mìíràn, bí wọ́n bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá ilé abẹ̀bẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí yí. Èyí sábà ń fi hàn pé èédú kékeré inú ẹ̀rọ rẹ̀, ‘charbon’, ti jẹ tán. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ lè fi èédú tuntun sí i ní owó díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi gbígbá ṣe àtúnṣe.

Ọ̀rọ̀ ‘résistance’ kù síbẹ̀. Ó máa ń gbóná púpọ̀, nítorí náà wọ́n gbé e sí ojú atẹ́gùn kí abẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀ lè máa tù ú. Bí asẹ́ bá ti dí, atẹ́gùn á dín kù, á sì jóná. Ẹni tó bá fi tuntun sí i láìfọwọ́ kan asẹ́ yóò tún padà wá. Kí onílé ọkọ̀ ní kí wọ́n yọ asẹ́ náà lójú òun kí ó tó sanwó.

Awakọ̀ tí abẹ̀bẹ̀ bá dákẹ́ mọ́ lọ́wọ́ nínú òjò, kí ó dẹ̀rìn, kí ó sì ṣí fèrèsé méjì díẹ̀, ẹrù ọjà ì báà tutù. Bí dígí kò bá mọ́ síbẹ̀, kí ó yà kúrò lójú títì, kí ó tan iná ìkìlọ̀, kí ó sì dúró títí òjò yóò fi dá.