Àṣálẹ́ Orin Ìrántí: Àgọ́ àwọn Ọmọ Júù àti Orin Hébérù ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Bí àgbàlagbà Onígbàgbọ́ kan bá fi ayé sílẹ̀ ní Ìpérìndó, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Atákúnmọ́sà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, a kì í sin ín ní ìdákẹ́jẹ́. Àìsùn a máa wà. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀ a máa kọrin títí òru yóò fi jìn. Bí ọdún bá yí po, àwọn ọmọ rẹ̀ a tún pe ẹbí àti ará jọ fún ìrántí, owó a sì tún jáde. Ọ̀nà tí owó náà ń gbà lọ kò ṣòro láti mọ̀: aṣọ ẹbí, oúnjẹ, onílù, àti ìwọ̀nba fún ilé ìsìn. Kò sí ẹni tí yóò bá Ìjẹ̀ṣà jà nítorí pé ó ṣe ìrántí baba rẹ̀ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n orin tí a kọ ní òru àìsùn ńkọ́? Àwọn arúgbó tí ó mọ̀ ọ́n ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọdé sì ti sùn kí orin náà tó dé ibi tí ó dùn.

Àwọn Júù tí ń gbé Amẹ́ríkà ní àṣà kan tí ó jọ èyí, tí ó sì yàtọ̀ sí i níbi tí ọ̀rọ̀ gbé wà. Bí olórin wọn kan bá kú, tàbí ẹni tí ó fẹ́ràn orin ní ìgbà ayé rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí a máa pe àṣálẹ́ orin ní ìrántí rẹ̀. Wọn a ta ìwé ìwọlé, wọn a gba ọrẹ; wọn a kọ orin Hébérù, orin Yídíìṣì ti àwọn baba wọn, àti èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi gìtá gbé jáde. Owó tí ó bá wọlé, nígbà púpọ̀, a di owó ìrànwọ́ tí a fi ń rán ọmọ tí apá òbí rẹ̀ kò ká a lọ sí àgọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ó kú ni a ń rántí, ọmọ tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ó sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Òǹkàwé tí ó mọ Bíbélì Yorùbá kì yóò ka ọ̀rọ̀ náà àgọ́ sí àjèjì. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀ ìwé náà, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884, àgọ́ ni wọ́n pe ilé tí a fi aṣọ ta, Àjọ Àgọ́ sì ni wọ́n pe àjọ̀dún tí àwọn Júù fi ń rántí ìgbà tí àwọn baba wọn gbé inú aginjù. Ibi tí ọ̀pọ̀ àgọ́ bá pé jọ sí, ibùdó ni wọ́n pè é. Ìjẹ̀ṣà ti mọ ibùdó dáadáa kí ìwé náà tó dé ọwọ́ rẹ̀: nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 títí di 1893, inú ibùdó ni àwọn ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ lábẹ́ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé ti Iléṣà wà ní ọdún dé ọdún, wọ́n dojú kọ Ìbàdàn tí ó tẹ̀dó sí ìhà Ìgbájọ. Ẹni tí ó bá pẹ́ ní ibùdó yóò sọ ibẹ̀ di ilé, yóò jẹun níbẹ̀, yóò kọrin níbẹ̀.

Àgọ́ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ní ogun nínú. Ẹ̀bá adágún omi tàbí inú igbó ni ó sábà máa ń wà, pẹ̀lú ilé onípákó tí àwọn ọmọdé ń sùn sí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láàárín oṣù kẹfà àti oṣù kẹjọ. (Ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn nìyẹn, ní Ìpérìndó, òjò ni ó ń rọ̀ sórí kòkó ní àkókò kan náà.) Àwọn ọmọ a máa lúwẹ̀ẹ́, wọn a máa ṣeré ìdárayá, wọn a máa kọ́ èdè Hébérù, wọn a máa gbàdúrà. Ṣùgbọ́n èyí tí wọn kì í gbàgbé títí di ọjọ́ ogbó ni orin: orin lẹ́yìn oúnjẹ, orin ní ẹ̀bá iná, àti ní pàtàkì jùlọ orin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi bá ń wọlé.

Irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ ti wà kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun náà ni èyí tí a dá sílẹ̀ nítorí èdè àti ìsìn gan-an gbilẹ̀. Ìdí rẹ̀ bani nínú jẹ́. Ìjọba Hitler ti pa nǹkan bí 6,000,000 Júù ní ilẹ̀ Yúróòpù, odindi ìlú tí orin Yídíìṣì ti ń jáde wá sì ti pa run pẹ̀lú àwọn akọrin wọn. Àwọn ọmọ tí a bí sí Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Àwọn àgbà rí i pé ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi nìkan kò lè gbé ẹrù náà. Ní 1947, àgọ́ Ramah àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Conover ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ní 1952, òmíràn bẹ̀rẹ̀ ní Oconomowoc ní ìpínlẹ̀ kan náà.

Àgọ́ Oconomowoc yìí ni Debbie Friedman ti di akọrin. Ní 1951 ni a bí i ní Utica ní ìpínlẹ̀ New York. Minnesota ni ó dàgbà sí. Fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ gìtá, kò pẹ́ kò jìnnà ó di ẹni tí ń darí orin fún àwọn ọmọdé ní àgọ́. Ohun tí ó rí nínú ọ̀pọ̀ sínágọ́gù ìgbà náà ni pé rábì àti ẹgbẹ́ akọrin ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ìjọ jókòó, ó ń gbọ́. Ó mú ọ̀rọ̀ àdúrà àtijọ́, ó fi Gẹ̀ẹ́sì lú Hébérù, ó sì fún un ní ohùn tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbà lẹ́nu rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Àkójọ orin rẹ̀ àkọ́kọ́, Sing Unto God, jáde ní 1972. Àwọn ọmọ àgọ́ gbé orin náà lọ sílé. Àwọn àgbà kan kùn pé ohun èlò eré ni gìtá, kò yẹ nínú ilé àdúrà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ń kọ ọ́ dàgbà, àwọn kan nínú wọn sì di rábì. Mi Shebeirach rẹ̀, àdúrà ìwòsàn tí ó di orin ní ìparí ọdún 1980 sí 1989, ti di ohun tí a ń kọ káàkiri sínágọ́gù Amẹ́ríkà fún àwọn aláìsàn. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2011. Ọ̀pọ̀ àṣálẹ́ orin ni a ti ṣe ní ìrántí rẹ̀; kí ọdún náà sì tó parí, Hebrew Union College fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti ń kọ́ àwọn aṣáájú orin ìsìn. Ilé ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe ibẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó wá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ yìí.

Irú ìjà tí ó wà láàárín gìtá àti sínágọ́gù yìí, ilẹ̀ Yorùbá ti jà á ṣáájú. Àwọn òyìnbó ajíhìnrere mú orin ìsìn wá pẹ̀lú ohùn tí wọ́n ti ń kọ ọ́ nílé, wọ́n sì to ọ̀rọ̀ Yorùbá lé e lórí. Bí ohùn orin bá ti òkè bọ́ sí ìsàlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà “ọ̀run”, etí Yorùbá kò gbọ́ ibùgbé Ọlọ́run mọ́. “Ọrùn” tí orí dúró lé ni ó gbọ́. Bí a bá sì kọ “ìlú” ní ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo, ó di “ìlù”. Ẹni tí ó mọ èdè rẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín tàbí kí ó dákẹ́, ìdákẹ́ náà sì burú ju ẹ̀rín lọ. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kò dákẹ́: ó ṣe orin ìsìn ní ohùn ìbílẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú àwo ní London ní 1922. T. K. Ekundayo Phillips, ẹni tí ó tẹ dùùrù tí ó sì darí orin ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó láti 1914 títí di 1962, ṣe àlàyé ọ̀ràn náà nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953: ohùn ọ̀rọ̀ ni kí ó máa ṣáájú, kí ohùn orin máa tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n kàtídírà nìkan kọ́ ni iṣẹ́ náà ti ṣe. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, Josẹfu Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá, tí ń wa ẹ̀rọ atẹ̀nà fún P.W.D., wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkejì-Arákejì, nígbà tí ẹ̀rọ náà kọṣẹ́. Ibẹ̀ ni ó ní òun ti gbọ́ ìpè. Ní oṣù keje ọdún 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì wọ́ lọ síbẹ̀ láti gbogbo àyíká. Láàárín àwọn Aládùúrà tí ìsọjí irú èyí sọ di púpọ̀, àtẹ́wọ́, ìlù àti orin kúkúrú ní ohùn ìbílẹ̀ gba àyè tí ìwé orin kò fún wọn. Ènìyàn tí kò mọ ìwé kà lè gbé orin náà lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì gbé e délé.

Orin Hébérù sì ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n gbé délé náà. Sáàmù ni oúnjẹ òòjọ́ Aládùúrà: a ń kà á sí omi, a ń kà á sí òróró, a ń kà á ní òru. Halelúyà, ọ̀rọ̀ Hébérù ni. Hòsánà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni Àmín tí Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ jọ ń ṣe. Ẹnu yóò ya Júù tí ó bá gbọ́ igbe “Jèhófà” ní òru ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nítorí àwọn tí ó ni orúkọ náà kì í pè é rárá. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi bò ó. Orin náà kò sì dúró sínú ilé àdúrà. I. K. Dáíró, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà wá, tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá lọ́lá ní 1963, gbé ohùn Aládùúrà wọ inú jùjú, ó sì jó o pẹ̀lú àwọn tí kò dé ṣọ́ọ̀ṣì rí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè ju àwọn mìíràn lọ. Ẹni tí ó bá ṣí Sáàmù 22 nínú Bíbélì Yorùbá yóò rí àkọlé kan tí a kọ sí olórí akọrin, tí ó sì dárúkọ ohùn tí ó jọ pé a fi ń kọ orin náà. Orúkọ ohùn ni ó kù. Ohùn fúnra rẹ̀ ti lọ. “Sélà” tí ó ń jáde nínú àwọn Sáàmù mìíràn, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 600 sí 1000, àwọn akọ̀wé Júù ní Tiberias fi àmì kéékèèké sí òkè àti ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ láti fi hàn bí a ó ti máa fi ohùn kà á. Iṣẹ́ wọn jọ ti àmì ohùn Yorùbá púpọ̀, àwọn náà sì fi ìmọ́tótó ṣe é. Sáàmù, Òwe àti Jóòbù ní àmì tiwọn lọ́tọ̀. Àmì wọ̀nyẹn pé pérépéré lónìí nínú ìwé. Síbẹ̀ láàárín àwọn Júù tí ó ti Jámánì àti Pólándì wá, tí ọ̀pọ̀ àwọn Júù Amẹ́ríkà jẹ́ ọmọ wọn, ohùn tí àmì Sáàmù dúró fún ti di ìgbàgbé. Ẹnu kan ni kò gbé e fún ẹnu kejì.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ̀rù máa ba ẹni tí ó bá rò pé ìwé nìkan ti tó. Ọ̀mọ̀wé Bádé Ajúwọ̀n kọ ìrèmọ̀jé sílẹ̀, orin tí àwọn ọdẹ ń sun nígbà ìṣípà ọdẹ tí ó kú. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì sí ẹni tí yóò kà á tí kò ní dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbọ́ ìrèmọ̀jé lẹ́nu ọdẹ rí, ọ̀rọ̀ ni yóò rí nínú ìwé, kò ní rí igbe inú rẹ̀. Ó nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú oúnjẹ àti ibi ìsùn, kí ẹnìkan sì sanwó rẹ̀.

Ní ti owó, Ìjẹ̀ṣà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti kọ́ bí a ti ń dá a jọ. Ní 1934, Ẹgbẹ́ Atúnlúṣe Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dá Ilesa Grammar School sílẹ̀, kò sì dúró de ìjọba kí ó tó ṣe é. Ibi tí a lè pé jọ sí náà kò ṣọ̀wọ́n. Babalọlá kú ní Ẹdẹ ní oṣù keje ọdún 1959, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a sì sin ín sí. Ṣùgbọ́n Ìkejì-Arákejì tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti kọṣẹ́ ni ó di ibùdó àdúrà tí èrò ń wọ́ lọ, yunifásítì tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2006. Bí ìdílé kan ní Ìpérìndó bá yọ ìdá kan péré nínú owó aṣọ ẹbí ìrántí, yóò tó láti bọ́ ọmọ mẹ́wàá àti arúgbó akọrin kan fún ọjọ́ mélòó kan.

Oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni àwọn ọmọ Júù máa ń wà ní àgọ́. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú, ìsinmi gígùn máa ń bọ́ sí àkókò yìí kan náà: àwọn ọmọ wà nílé, òjò ń rọ̀, ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ sì wà ní títì.