Bátìrì kékeré lè gbé íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín dúró nígbà tí iná bá lọ

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, pàápàá ní agbègbè Under-G lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì LAUTECH, àti nílùú Ọ̀yọ́, láti Owódé títí dé ọjà Akẹ̀sán, àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì jẹun ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn kan ń bá èèyàn tẹ ìwé, wọ́n sì ń bá wọn wo èsì ìdánwò. Àwọn mìíràn jókòó sílé, ilé-iṣẹ́ tó wà l'Ékòó tàbí lókè òkun ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Gbogbo wọn ló mọ ohun tójú ń rí bí iná mọ̀nàmọ́ná bá ṣẹ́jú péré. Bátìrì á gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká dúró, àmọ́ ráútà tó ń fọ́n nẹ́tíwọọ̀kì ká ilé á kú pii. Kódà bí iná bá padà lójú ẹsẹ̀, ráútà á tún lò tó ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kó tó jí. Kó tó jí, oníbàárà ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ìpàdé tí wọ́n ń bá ọ̀gá ṣe ti já.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré tan jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n lítà bẹntiróòlù tí kò tó igba náírà kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan náírà kí ọdún 2024 tó parí. Ráútà inú ilé kì í sábà jẹ ju wáàtì 10 lọ, bẹ́ẹ̀ gílóòbù àtijọ́ kan ṣoṣo ń jẹ 60. Ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ráútà nìkan dà bí ẹni tó háyà tírélà láti gbé àpò gààrí kan. Bátìrì kékeré ló yẹ iṣẹ́ náà, bí a bá ti mọ bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó ń jẹ

Ẹ wo ara ṣájà ráútà yín níbi tí wọ́n kọ OUTPUT sí. Bí ẹ bá rí 12V 1A, ẹ fi 12 lọ́nà 1, wáàtì 12 ni. Ìyẹn ni òkè tó lè jẹ dé, kì í sábà jẹ tó bẹ́ẹ̀, a ó fi 10 ṣe ìṣirò wa. Bí àpótí mìíràn bá tún wà tó ń gba nẹ́tíwọọ̀kì wọlé, ẹ ro tirẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó ń lo Starlink, tó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2023, kí wọ́n mọ̀ pé àwo ńlá rẹ̀ lè jẹ wáàtì 50 sí 100. Ìyẹn ti kọjá ohun tí à ń sọ níhìn-ín.

Lẹ́yìn náà, wákàtí mélòó lẹ kì í ní iná? Láti ọdún 2020 ni ìjọba ti pín àwa oníbàárà sí ìsọ̀rí, ilé-iṣẹ́ IBEDC tó ń pín iná fún Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sì ń tẹ̀lé e. Wákàtí 20 ló yẹ kí ìsọ̀rí A máa rí lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Ẹni tó wà ní B gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún wákàtí 8 tí kò sí iná. Wáàtì 10 lọ́nà wákàtí 8 jẹ́ wáàtì-wákàtí 80. Nọ́ńbà yìí ni kẹ́ ẹ mú lọ sọ́jà.

Bátìrì wo ló tó?

Bátìrì tí wọ́n ń lò jù ni ti áásìdì tí wọ́n ti dí lẹ́nu pa, irú èyí tó wà nínú UPS kọ̀ǹpútà. Wọ́n kọ 12V 7Ah sí i lára. 12 lọ́nà 7 jẹ́ 84, ẹ ó sì rò pé ó ti tó. Kò tó o. Bátìrì áásìdì kì í fẹ́ ká lò ó kọjá ìdajì, bí a bá ń fà á gbẹ, kì í pẹ́ kú. Ìdajì 84 jẹ́ 42, ìyẹn kò ju nǹkan bíi wákàtí 4 lọ. Bí ẹ bá so méjì pọ̀, pọ́sítíífù mọ́ pọ́sítíífù, nẹ́gátíífù mọ́ nẹ́gátíífù, ẹ ó súnmọ́ wákàtí 8. Ẹ má so tuntun mọ́ ògbólógbòó.

Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní LiFePO4 gbówó lórí jù ú lọ, àmọ́ a lè lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ láìbà á jẹ́, ó sì máa ń pẹ́ ju ti áásìdì lọ dáadáa. Ẹyọ kan tó jẹ́ 12Ah lè gbé ráútà wa kọjá wákàtí 8.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà gọbọi ara páwà báǹkì àtàwọn UPS kéékèèké tí wọ́n ń tà fún ráútà. Fóòtì 3.7 ni wọ́n fi ń ka mAh wọn, kì í ṣe 12. Nítorí náà, 8,800mAh kò ju wáàtì-wákàtí 33 lọ, bíi wákàtí 3 ni. Ẹ bi ọlọ́jà pé Wh mélòó ló wà nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń so ó

Iná á ti inú ṣájà bọ́ sínú bátìrì, láti bátìrì sínú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní buck-boost converter, kó tó dé ráútà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí ni pé fóòtì bátìrì máa ń gòkè dé nǹkan bíi 13.8 nígbà tó bá ń gba iná, ó sì máa ń wá sílẹ̀ kọjá 12 bó bá ń tán lọ. Ẹ̀rọ náà ló ń mú un dúró sójú 12 gan-an. Nítorí pé bátìrì kò kúrò lójú ọ̀nà rárá, ráútà kò ní mọ̀ pé iná lọ.

Ẹ má fi inverter sí i. Inverter á sọ 12 di 220, ṣájà ráútà á tún sọ ọ́ padà di 12, iná á sì ṣòfò lẹ́ẹ̀mejì. Òmíràn ń jẹ tó ohun tí ráútà fúnra rẹ̀ ń jẹ.

Ṣájà náà ní ìṣirò tirẹ̀, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Bí ẹ bá ti lo wáàtì-wákàtí 80, tí iná sì dé fún wákàtí 4 péré, ṣájà gbọ́dọ̀ máa dá wáàtì 20 padà sínú bátìrì, kó tún máa bọ́ ráútà ní 10, kó sì rí ti òfò mú kúrò. Èyí ń lọ sí nǹkan bí áńpù 3. Ẹ wo ara bátìrì bóyá ó lè gbà á. Ṣájà bátìrì gidi ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe ti ráútà. Ti lítíọ́ọ̀mù sì yàtọ̀ sí ti áásìdì.

Ẹ dáàbò bo ilé yín

Bátìrì kékeré lè jó ilé bí wáyà rẹ̀ bá kanra. Ẹ fi fíúsì áńpù 5 sí ẹnu pọ́sítíífù, kó súnmọ́ bátìrì tímọ́tímọ́. Ẹ fi ohun tó ń já iná fúnra rẹ̀ sí i bí bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀ jù. Ẹ má gbé e sókè àjà lábẹ́ páànù, nítorí ooru ń gé ẹ̀mí bátìrì áásìdì kúrú: bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 ju 25 lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ dín sí ìdajì. Ẹ má sì tú bátìrì láptọ́ọ̀pù tókunbọ̀ láti fi ṣe é.

Ohun kan wà tí bátìrì yín kò lè ṣe. Bí òpó nẹ́tíwọọ̀kì àdúgbò bá kú, tàbí tí wáyà abẹ́ òkun bá gé bíi ti ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, ráútà á tàn, íntánẹ́ẹ̀tì kò ní wá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ já, kó ní káàdì SIM ilé-iṣẹ́ mìíràn nílẹ̀.

Bí ẹ bá ti so ó tán, ẹ pa iná ilé yín lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kò pọ̀, kẹ́ ẹ ka wákàtí tó lò. Bí kò bá tó ohun tẹ́ ẹ ṣírò, ẹ ti mọ̀ kí ọjọ́ tí owó wà ńlẹ̀ tó dé. Ojú ọ̀run ṣú kó tó rọ̀ ni à ń gbé agbada síta.