Bí macOS Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Ṣe Ti Apple

Ní oṣù kẹfà ọdún 2005, Steve Jobs kéde pé Apple máa pa processor PowerPC tì, pé ti Intel ni Mac yóò máa lò. Nígbà tó fi di oṣù kìíní ọdún 2006, Mac Intel àkọ́kọ́ ti dé. Ìyípadà yẹn ló bí ohun tí wọ́n ń pè ní Hackintosh: kọ̀ǹpútà téèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò, àmọ́ tó ń lo macOS. Ṣáájú ìgbà náà, processor inú Mac jìnnà pátápátá sí ti inú kọ̀ǹpútà Windows. Lẹ́yìn rẹ̀, irú processor, irú mẹ́mórì àti irú díìsìkì kan náà ló wà nínú iMac àti nínú Dell tó wà lórí tábìlì ọ́fíìsì. Ohun tó ṣì ya wọ́n sọ́tọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdánimọ̀ lọ.

Ìdí táwọn èèyàn fi ń ṣe é kò ṣòro lóye. Ẹni tó fẹ́ kọ áàpù fún iPhone nílò Xcode, orí macOS nìkan ni Xcode sì ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń gé fídíò ń wá Final Cut Pro, àwọn olórin ń wá Logic Pro. Owó Mac sì ń dẹ́rù bà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ òfin wà níbẹ̀ o. Àdéhùn tí Apple máa ń ní kéèyàn gbà kó tó lo macOS sọ pé orí ẹ̀rọ tó bá jẹ́ ti Apple nìkan ló gbọ́dọ̀ wà. Ilé-iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Florida, Psystar, bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ní 2008. Apple gbé e lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún yẹn náà, nígbà tí 2009 sì fi máa parí, adájọ́ ti kà á léèwọ̀ fún un láti máa tà á. Ó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó tún pàdánù ní 2011. Ẹni tó ń tò ó sílé fún ara rẹ̀ náà ń rú àdéhùn yẹn, kó má sọ pé òun ò mọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ṣòwò, ọ̀rọ̀ Psystar ti tó o.

Báwo wá ni macOS ṣe ń mọ̀ pé inú Mac lòun wà? Mac tó ń lo Intel máa ń ní ohun tí wọ́n ń pè ní SMC, tó ń bójú tó fáànù, ooru àti iná. Apple fi gbólóhùn kan pamọ́ síbẹ̀, gbólóhùn tó ń bẹ olè pé kó jọ̀ọ́ má jí iṣẹ́ àwọn. Àwọn apá pàtàkì kan nínú macOS, títí kan Finder, wà ní títì pa, gbólóhùn yẹn ni kọ́kọ́rọ́ wọn. Lẹ́yìn èyí, macOS á tún wo orúkọ irú ẹ̀rọ náà àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ SMBIOS. Á tún ka ìwé tí motherboard fi ń ṣàpèjúwe ara rẹ̀, ìyẹn ACPI, èyí tí àwọn tó ń ṣe motherboard sábà máa ń kọ pẹ̀lú Windows lọ́kàn.

Ètò kan tó ń jẹ́ OpenCore ló ń dáhùn gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí. Òun ló ń jí lẹ́yìn BIOS, ṣáájú macOS. Alárinà ni: ó ń sọ fún macOS pé iMac ni ẹ̀rọ tó fẹ́ gbé, ó ń tún àwọn ibi tí kò dáa nínú ACPI ṣe, ó sì ń kó àwọn kext wọlé. Kext ni àkójọ fáìlì tó ń kọ́ macOS bí yóò ṣe bá ẹ̀yà kan nínú ẹ̀rọ lò. VirtualSMC ń ṣe bíi SMC, Lilu ń ṣí ọ̀nà fún àwọn yòókù, WhateverGreen ń bójú tó àwòrán, AppleALC ń bójú tó ohùn. Bí macOS bá ti jí tán, alárinà á yẹ̀bá. Inú mẹ́mórì nìkan ló ti ń ṣe àtúnṣe rẹ̀, kì í fọwọ́ kan macOS tó wà lórí díìsìkì. Gbogbo ohun ìní rẹ̀ wà nínú fódà kan tó ń jẹ́ EFI, àṣẹ tó sì ń tẹ̀ lé wà nínú fáìlì config.plist. Bí nǹkan bá dàrú, ibẹ̀ la ó kọ́kọ́ lọ wò.

Àmọ́ agbára alárinà ní ibi tó mọ. OpenCore lè yí orúkọ padà, kò lè ṣẹ̀dá driver tí Apple kò kọ. Ọjà la ti ń ba ọ̀pọ̀ Hackintosh jẹ́, kí wọ́n tó tò ó rárá. Ẹni tó ń ra nǹkan fún Windows máa ń béèrè bóyá ó lágbára. Ẹni tó ń ra nǹkan fún Hackintosh gbọ́dọ̀ béèrè bóyá Apple fúnra rẹ̀ ti lo irú rẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ káàdì àwòrán ló fi èyí hàn jù. Nígbà macOS High Sierra ní 2017, ẹni tó ní GTX 1080 lè lọ gba driver lọ́wọ́ Nvidia fúnra rẹ̀, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ní 2018, Mojave dé, driver kò bá a dé. Káàdì olówó ńlá di ohun tí macOS kò dá mọ̀. Àwọn Nvidia àtijọ́ kan, irú èyí tí Apple ti lò nínú iMac, ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dé macOS Big Sur, Monterey sì lé wọn jáde ní 2021. Àwọn RTX ò tilẹ̀ ní driver lórí macOS rí. AMD ló kù. RX 580 ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà, bẹ́ẹ̀ náà ni RX 6600, RX 6800 XT àti RX 6900 XT. Ohun tó ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé RX 6700 XT, tó wà láàárín wọn, kò ní driver. Nọ́ńbà rẹ̀ ń tan onírajà jẹ. Ọ̀wọ́ RX 7000 kò ní kankan.

Bí kò bá sí owó káàdì, àwòrán Intel tó wà nínú processor lè tó, bí kò bá ti kọjá ìran kẹwàá. Láti ìran kọkànlá lọ sókè, processor á ṣiṣẹ́, àwòrán inú rẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àlòkù, bíi HP EliteDesk 800 G4 tàbí Dell OptiPlex 7060, fi dára fún iṣẹ́ yìí: Intel ìran kẹjọ ló wà nínú wọn, UHD 630 sì ni àwòrán rẹ̀. Ẹni tó bá rí irú rẹ̀ lára tòkunbọ̀ ní Computer Village n'Ìkẹjà ti rí ìdajì iṣẹ́ náà. Ryzen ṣeé lò, àmọ́ ó ní àtúnṣe kan tí a gbọ́dọ̀ ṣe sí kernel, ìyẹn ọkàn macOS, nínú mẹ́mórì, àwọn ètò tó ń ṣí kọ̀ǹpútà mìíràn sínú kọ̀ǹpútà sì máa ń kọ iṣẹ́ lórí rẹ̀.

Díìsìkì Samsung PM981, tó pọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù àlòkù, máa ń mú kí macOS dákú. Ẹ yọ ọ́. Wi-Fi Intel náà kò ní driver láti ọ̀dọ̀ Apple, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ló kọ kext tó ń jẹ́ itlwm fún un, íntánẹ́ẹ̀tì á wọlé, ṣùgbọ́n AirDrop kò ní wá. Káàdì Broadcom tó ń ṣe bí ti Mac gan-an dára títí dé Ventura, Sonoma sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní 2023.

Nínú BIOS, ẹ pa Secure Boot, Fast Boot, CSM àti CFG Lock, ẹ tan Above 4G Decoding àti XHCI Hand-off, kí ẹ fi SATA sí AHCI. Ẹ wá gba macOS láti ọ̀dọ̀ Apple fúnra rẹ̀ sórí USB 16GB, ẹ fi EFI sí i. Ẹ má gba EFI tí ẹlòmíràn ti ṣe tán. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ló ṣe é fún, bí ó bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ò ní mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá wá tan ẹ̀rọ láti orí USB yẹn, ó lè kọ̀, kó máa fi àmì Apple hàn láìlọ síwájú. Àmì yẹn ò sọ nǹkan kan. Ẹ kọ `-v` sí boot-args nínú config.plist kí àmì náà lè kúrò, kí ẹ wá rí ọ̀rọ̀ tí macOS ń sọ. Ẹ fi `keepsyms=1` kún un, pẹ̀lú `debug=0x100`, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ tún ara rẹ̀ tàn kí ẹ tó kà á. Ìlà tó kẹ́yìn ni kí ẹ mú lọ́kàn, torí ibi tó dúró sí ló ń sọ ìbéèrè tí OpenCore kò dáhùn dáadáa.

Bí ó bá dúró síbi EXITBS:START, macOS ò tíì jí. Orí mẹ́mórì àti BIOS ni àìsàn náà wà. Ẹ padà lọ wo Above 4G Decoding, CSM àti CFG Lock, kí ẹ sì wo apá Booter nínú config.plist, nítorí ohun tó tọ́ fún motherboard ìran kẹjọ lè má tọ́ fún ti ìran kẹwàá. Bí ó bá kọ pé òun ń dúró de root device, inú yín lè dùn díẹ̀: kernel ti jí, USB tó ti ń bọ̀ ló pòórá mọ́ ọn lójú. Ẹ gbé e sí ihò USB mìíràn, pàápàá USB 2.0, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan míì. Bí ọ̀rọ̀ bá ń sáré lọ dáadáa, tí ojú kọ̀ǹpútà wá ṣókùnkùn, àwòrán ni. Fún RX 5700 XT àti ọ̀wọ́ RX 6000, `agdpmod=pikera` nínú boot-args sábà máa ń wò ó sàn. Fún UHD 630 tó fẹ́ gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀, nọ́ńbà ig-platform-id tó yẹ nínú config.plist ni 07009B3E.

Bí macOS bá ti wọlé, àwọn wàhálà kéékèèké á bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí ohùn, ẹ wá orúkọ codec, ẹ̀yà tó ń bójú tó ohùn lórí motherboard, kí ẹ máa dán nọ́ńbà layout tí AppleALC ní fún un wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti USB ló ń pẹ́ jù. Láti El Capitan ní 2015 ni Apple ti fi ààlà sí i pé ihò 15 péré ni alákòóso USB kan lè ní, ihò USB 3 kan ṣoṣo sì jẹ́ méjì lójú macOS. Motherboard gidi á tètè kọjá iye yẹn, àwọn ihò kan á sì kú láìsọ̀rọ̀. Ètò tó ń jẹ́ USBToolBox ni wọ́n fi ń yan èyí tó máa wà. Ẹ má fò ó o, torí kọ̀ǹpútà tó bá sùn tó tún jí lójú ẹsẹ̀, USB tí wọn ò yàn ló sábà máa ń fà á.

Bí iMessage bá kọ̀, ẹ yẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ wò. Ètò tó ń jẹ́ GenSMBIOS ń ṣẹ̀dá rẹ̀, àmọ́ kó má lọ jẹ́ ti Mac tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ tún rí i pé ihò okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó wà lára motherboard ni macOS ń pè ní en0.

Kí ẹ tó gba macOS tuntun, OpenCore àti kext ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ di tuntun, kí ẹ sì ní ẹ̀dà EFI tó ń ṣiṣẹ́ lórí USB lọ́tọ̀. Bí tuntun náà bá kọ̀ láti jí, USB yẹn ló máa gbà yín.

Ọ̀nà náà sì ti ń lọ sí òpin. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2020 tí M1 ti dé, processor tí Apple ṣe fúnra rẹ̀ ni Mac bẹ̀rẹ̀ sí í lò, Apple kì í sì í tà á fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ó kéde pé Tahoe ni macOS tó máa kẹ́yìn fún Intel. Mac Pro 2019 àti iMac oní-íǹṣì 27 ti 2020 wà lára díẹ̀ tó ṣì lè lò ó, nítorí náà MacPro7,1 tàbí iMac20,1 ni kí ẹni tó fẹ́ dé Tahoe fi ṣe orúkọ ẹ̀rọ rẹ̀ fún macOS. Ẹni tó bá ti ní ẹ̀rọ tó bá a mu nílé lè tò ó, á sì rí iṣẹ́ fi ṣe fún ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé owó tuntun lẹ fẹ́ ná nítorí Xcode nìkan, Mac mini M1 àlòkù ni mo máa ní kí ẹ lọ rà.