Kọ́ọ̀sì yúnìtì méjì péré lè sọ ọdún mẹ́rin di márùn-ún! Ẹ̀yin òbí Kìṣí, ẹ gbọ́ o

Kò sí òbí kan ní Kìṣí tó ta iṣu, tó ta kaṣú, tó fi owó rẹ̀ rán ọmọ lọ sí yunifásítì, tí kì í ka ọdún lórí ìka. Ọdún kìn-ín-ní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, ó parí! Wọ́n á ti máa retí pé ọmọ yóò wọ aṣọ agùnbánirọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n bí ọdún kẹrin bá pé, ọmọ á ní ó ku nǹkan díẹ̀ tí òun fẹ́ parí. Ọdún karùn-ún á tún dé, ọ̀rọ̀ ò yí padà. Bàbá á ní ọmọ ń fi owó òun jayé ni. Ìyá á ní àwọn ayé ló ń ṣe é. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ayé, kì í ṣe àjẹ́. Ìṣirò ni.

Kìṣí, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀, wà lápá àríwá Òkè-Ògùn. Ọmọ ibẹ̀ tó bá wọ LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí Yunifásítì Ìlọrin, tàbí KWASU ní Malete, ilé ló fi sílẹ̀ lọ yẹn. Yóò gba yàrá, yóò jẹun, yóò wọ mọ́tò. Ọdún kan tó bá lé, owó gidi ni, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó ni wọ́n sì máa ń pè pé kó wá bá wọn san án.

Ìwé wo gan-an ló ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ yìí? Àjọ NUC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1962, ló ń bójú tó yunifásítì. Òfin ọdún 1985 ló fún un lágbára láti sọ ohun tó kéré jù tí ilé-ìwé gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ, ìwé ètò ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ sì jáde ní 1989. Ní ìparí 2022 ni wọ́n tún gbé tuntun dé, èyí tí wọ́n ń pè ní CCMAS, ìlò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 2023. Nínú ti tuntun yìí, NUC ló la ìdá 70 nínú 100 ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń fi ìdá 30 tó kù kún un. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìwé tí ẹ̀gbọ́n lò ní 2018 lè má wúlò fún àbúrò mọ́, bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn tiẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Yúnìtì ni wọ́n fi ń ka ẹ̀kọ́. Yúnìtì kan jẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 15. Nínú ìlànà tí ilé-ìwé ti ń lò tipẹ́, ẹni tó bá gba JAMB wọlé fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ ní yúnìtì tó dín ní 120 kó tó gba dígírì. Yúnìtì 15 ló kéré jù ní sẹ́mẹ́sítà kan, 24 ló pọ̀ jù. Ilé-ìwé lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ o. Ẹni tí kò bá sì wá sí ìdá 75 nínú 100 ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ́ọ̀sì kan, wọ́n lè ní kó má jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Yúnìtì nìkan kò tó. Àwọn kọ́ọ̀sì kan jẹ́ dandan, títí kan àwọn GST tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fojú tín-ínrín. Ọmọ lè ní yúnìtì 130, kó má ríwèé gbà, nítorí GST yúnìtì méjì kan tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀ láti ọdún kìn-ín-ní, tí kò padà ṣe. Ohun tí wọ́n ń pè ní kárí-ófà nìyẹn. Kọ́ọ̀sì mìíràn wà tó jẹ́ pé òun lọmọ gbọ́dọ̀ yege kó tó lè ṣe èyí tó tẹ̀ lé e. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì sẹ́mẹ́sítà kìn-ín-ní lọ́dún tó yẹ kó jáde, ó lè di ọdún tó ń bọ̀ kó tó tún rí i ṣe. Yúnìtì méjì, ọdún kan gbáko!

Ti máàkì náà wà ńbẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n márùn-ún, 3.50 ni ipò kejì ti òkè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní ìṣirò. Ọmọ tó ṣe yúnìtì 30 lọ́dún kìn-ín-ní, tó ní 2.00, póìńtì 60 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó lè fi 3.50 jáde pẹ̀lú yúnìtì 120, póìńtì 420 ló gbọ́dọ̀ ní. Ó ku 360 tó fẹ́ wá nínú yúnìtì 90. Ìyẹn ni pé B ni kó máa gbà ní gbogbo kọ́ọ̀sì tó kù, tàbí kí A máa dí àyè C. Ṣé ẹ rí i pé eré ọdún àkọ́kọ́ kì í ṣe eré kékeré?

Ká má purọ́ mọ́ àwọn ọmọ o, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ̀bi wọn. Ìyanṣẹ́lódì ASUU gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án lọ́dún 2020, ó tún gba oṣù mẹ́jọ ní 2022. Ní LAUTECH, ọ̀rọ̀ owó láàárín ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ti ilẹ̀kùn ilé-ìwé pa fún ọ̀pọ̀ oṣù láti 2016, kó tó di pé Ọ̀yọ́ nìkan gba ilé-ìwé náà ní 2020. Ọmọ tó bá wà ńlé nígbà náà, ta ni yóò bi í pé kí ló dé tó pẹ́?

Ṣùgbọ́n aago ò dúró dè é. Ìlànà tó wà tipẹ́ ni pé ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin kò gbọdọ̀ kọjá ọdún mẹ́fà. Ẹni tó bá sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lọ́jọ́ tó gboyè, ìwé ìyọ̀ǹda ni NYSC máa fún un, kò ní sìnrú ìlú mọ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Lọ́jọ́ tí ọmọ bá ti wọlé, kó gba ìwé ìlànà ẹ̀ka rẹ̀, ti ọdún tirẹ̀ gan-an, kó kọ gbogbo kọ́ọ̀sì dandan sílẹ̀, kó sì máa fàmì sí èyí tó bá ti yege. Kó máa lọ rí olùkọ́ tó ń gbà á nímọ̀ràn kó tó forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí èsì kan kò bá jáde, kó pariwo lọ́dún yẹn, kó má jẹ́ kó di ọdún tó fẹ́ jáde. Kó tètè yan àkọ́lé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, torí láìsí i kò sí dígírì. Kó sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì owó ilé-ìwé, nítorí wọ́n á béèrè rẹ̀ nígbà tó bá ń fọwọ́ yíká ọ́fíìsì láti jáde.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ yéé béèrè pé, “Ìgbà wo lo máa parí?” Ẹ béèrè pé, “Yúnìtì mélòó ló kù, kọ́ọ̀sì dandan wo ni o kò tíì yege?” Bí ọmọ kò bá lè dáhùn, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ wà ńlẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ loníṣẹ́, àfi ẹni tó bá forí tì í dópin.