Àkùkọ Tí Ń Lé Ọmọdé

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó àti Agó-Ìwòyè tí ẹ ń sin adìẹ lẹ́hìnkùlé, ọ̀rọ̀ yí kàn yín. Bí àkùkọ bá tó oṣù 5 tàbí 6, ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. A máa wọ́ apá nílẹ̀, a sì máa fò mọ́ ènìà. Kì í ṣe ohun eré: ojú ọmọdé kò ga ju ibi tí èékánná rẹ̀ lè dé. Ẹ má ṣe nà án, nítorí ìjà ni yíò kà á sí. Ẹ dé e mọ́ inú àgò. Àkùkọ kan tó àgbébọ̀ 10. Bí kò bá jáwọ́, ẹ má ṣe mú irú lára rẹ̀, nítorí ọmọ a máa jogún ìwà bàbá. Ẹran rẹ̀ nínú ọbẹ̀ sàn ju ojú ọmọ tí ó fọ́ lọ.