Ẹ Tú Àpótí Náà Wò Kí Ẹ Tó Ṣáná: Ohun Ìrántí Òṣèlú ní Ilẹ̀ Okun

Àwọn àgbà ní ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Èmi gan-an ni òwe yìí bá wí. Ní ọdún 2009 ni bàbá mi papò dà ní Kàbà, èmi àkọ́bí sì ni wọ́n ní kí n palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́. Mo bá àpótí pákó kan lábẹ́ ibùsùn. Kò sí owó níbẹ̀, kò sí ìwé ilẹ̀. Báàjì tí ó ti dípẹtà ni mo bá, àti káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú, àti àwòrán àwọn aṣíwájú tí wọ́n tẹ̀ sórí páálí kéékèèké, àti fìlà kan tí kòkòrò ti jẹ. Mo ní pàǹtí ni. Mo kó wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo ṣáná sí wọn. Kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo ni ìyá mi sáré fà yọ, iná sì ti jẹ etí rẹ̀ kan.

Ó ní, "Ọkọ mi, ohun tí bàbá rẹ fi ojú rí láyé ni o ń sun yẹn."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kàlẹ́ńdà yìí ni mo fẹ́ kí a jọ wò lónìí. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó wà láàárín rẹ̀, pẹ̀lú fìlà àti awò ojú rẹ̀ tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Àwọn gómìnà márùn-ún tí ẹgbẹ́ UPN ní lẹ́yìn ìbò ọdún 1979 ni wọ́n yí i ká: Lateef Jákàńdè ti Ìpínlẹ̀ Èkó, Bọ́lá Ìgè ti Ọ̀yọ́, Bísí Ọnàbáńjọ ti Ògùn, Adékúnlé Ajáṣin ti Oǹdó, àti Ambrose Alli ti Bendel. Ògùṣọ̀ tí ń jó, tí í ṣe àmì ẹgbẹ́ wọn, wà lókè.

Kí wá ni irú kàlẹ́ńdà báyìí ń wá ní pálọ̀ ní Kàbà? Kàbà kò sí nínú ìkankan nínú ìpínlẹ̀ márààrún. Ìpínlẹ̀ Kwárà ni ó wà nígbà náà, Adamu Atta ti ẹgbẹ́ NPN, àwọn tí ilé àti àgbàdo jẹ́ àmì wọn, ni ó sì ń ṣe gómìnà níbẹ̀. Gómìnà ìpínlẹ̀ ẹlòmíràn ni bàbá mi gbé kọ́ sí ògiri ilé tirẹ̀!

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, a ní láti padà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1900, Lugard ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja, ó sì kéde ìjọba Àríwá Nàìjíríà. Báyìí ni àwa Okun, àwa ará Kàbà, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, ṣe bá ara wa lábẹ́ Àríwá. Nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ń béèrè pé kí a da Ìlọrin àti Kàbà pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbìmọ̀ Willink tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn ní ọdún 1957 gbọ́ ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n ààlà kò yẹ̀. Inú Àríwá ni òmìnira ọdún 1960 bá wa. Ní ọdún 1967 a bọ́ sí ìpínlẹ̀ tí ó padà di Kwárà, ní ọdún 1991 a sì bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Kogí.

Èyí kò sọ pé ọkàn gbogbo ọmọ Okun papọ̀ sí ibì kan. Olóyè Sunday Awóníyì, Àró ti Mọ̀pà, ẹni tí ó kú ní ọdún 2007, sin ìjọba Àríwá nígbà ayé Sádáúnà, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Arewa. Ilé kan lè gbé àwòrán Awólọ́wọ̀ kọ́, kí ilé kejì gbé ti Sádáúnà kọ́, kí àwọn méjèèjì sì jọ máa kí ara wọn ní "Okun o" láàárọ̀. Ìwé ìtàn lè sọ iye ìbò tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní. Ògiri pálọ̀ nìkan ni ó lè sọ ẹni tí baálé ilé ń wò nígbà tí ó bá ń jẹun.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti mọ iyì irú nǹkan báyìí. Nígbà tí George Washington gorí àlééfà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1789, bọ́tìnì idẹ ni wọ́n fi ṣe ìrántí rẹ̀. Láti ọdún 1945 ni àwọn tí ń ṣa báàjì, káàdì aláwòrán ààrẹ àti irú wọn jọ ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní tiwa, ọkọ̀ tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Èrèlé ọdún 1976 wà ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn, ní Èkó. Ohun ńlá ni ìyẹn. Ohun kékeré inú ilé wa ńkọ́?

Ológun fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèlú ní ọdún 1966, wọ́n sì tún gba ìjọba ní ọjọ́ tí ọdún 1983 parí. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, báàjì tí ènìyàn fi ń yangàn lánàá a di ohun à-fi-pamọ́. Cornelius Adébáyọ̀ ti ẹgbẹ́ UPN wọlé gẹ́gẹ́ bí gómìnà Kwárà ní ọdún 1983, oṣù mẹ́ta péré ni ó sì lò. Ta ni ó ṣì ní báàjì tàbí ìwé ìpolongo ìbò rẹ̀ lọ́wọ́ lónìí? Ohun tí ológun kò gbà, ìkàn ń jẹ ẹ́. Ohun tí ìkàn kò jẹ, àwa ọmọ ń sun ún.

Bẹ́ẹ̀ ìpamọ́ kì í ṣe àṣà àjèjì sí wa. Àwọn ará Bùnú ní aṣọ pupa kan tí à ń pè ní aṣọ ipo. Wọ́n a máa tú òwú pupa lára aṣọ òkè òkun láti fi hun ún. Kì í ṣe aṣọ à-wọ̀-lọ-sọ́jà; ìsìnkú ẹni ńlá àti ọ̀rọ̀ eégún ni à ń gbé e jáde sí. Ẹni tí ó bá rí i mọ̀ pé kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ ni ó lọ. Aṣọ náà ń sọ̀rọ̀ nítorí pé àwọn tí ó ni ín ṣì mọ ohun tí ó ń sọ.

Níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Àwòrán Awólọ́wọ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tí ó kọ́ sí pálọ̀ ní Kàbà lábẹ́ gómìnà NPN ní ìtàn tirẹ̀. Bí ìtàn náà bá já bọ́, bébà lásán ni ó kù. Nítorí náà, bí ẹ bá rí irú nǹkan báyìí nínú ẹrù àgbà yín, ẹ bi àwọn tí ó ṣì wà láàyè léèrè: ta ni ó ni ín, ibo ni ó ti lò ó, kí ni ó sọ nípa rẹ̀? Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ rọra sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ nítorí ìkàn, ẹ gbé e jìnnà sí oòrùn àti ọ̀rinrin.

Èmi náà bi ìyá mi. Ó ní àlejò kan bi bàbá mi nígbà náà pé kí ló dé tí ó gbé gómìnà onígómìnà kọ́, bàbá sì dá a lóhùn pé, "Ara ilé wa ni wọ́n, ààlà ni kò mọ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo kọ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí iná ti jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àwọn yòókù ti bá eérú lọ, kò sì sí ẹni tí mo lè bi mọ́.