Attiéké: Ọmọ ìyá gààrí tó gbajúmọ̀ lójú pópó Abidjan

Arìnrìnàjò ọmọ Nàìjíríà tó bá gba Cotonou, Lomé àti Accra dé Abidjan lè kọ́kọ́ rò pé gààrí ni òun rí nínú abọ́ àwọn olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì. Attiéké ni.

Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe méjèèjì. Wọ́n á rin ín, tó bá jẹ́ attiéké, wọ́n á po ìwúkàrà tí wọ́n ń pè ní magnan mọ́ ọn, ìyẹn ẹ̀gẹ́ sísè tó ti kan. Nígbà tó bá kan, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á sì kù ú. Kíkan àti fífún yìí kì í ṣe àṣà lásán: òun ló ń dín májèlé inú ẹ̀gẹ́ kù. Ibi ìdáná ni ọ̀nà ti pín jù. Wọ́n ń yan gààrí nínú agbada. Ooru omi ni wọ́n fi ń sè attiéké. Ìdí nìyí tó fi rọ̀, tí kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Kí àlejò rà á ní gbígbóná.

Garba ni ààyò òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́: attiéké, ẹja tuna díndín, àlùbọ́sà àti ata tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Àwọn ọkùnrin Hausa láti Niger pọ̀ nídìí òwò rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO fi ìmọ̀ ṣíṣe attiéké, tí àwọn obìnrin etí ọ̀sà ilẹ̀ Côte d'Ivoire ń kọ́ ọmọ wọn, sínú àkójọ àjogúnbá àṣà àgbáyé.